Wáyà Dídán Papa Tutevera

Ẹni bá fẹ́ mọ bí Papa Tutevera ṣe tóbi tó, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ Papa Tutevera fúnra rẹ̀. Òun ló lè sọ ọ́ dáadáa jù, kò sì ní í gbàgbé nǹkan kan. Yóò sọ pé òun ni Ọ̀gá Àgbà Ojú Ọ̀nà àti Alùpùpù ní gbogbo erékùṣù Enuaroa, láti etí òkun dé etí òkun. Kò ní í sọ fún ọ pé etí òkun méjèèjì kò jìnnà síra wọn. Erékùṣù wa kéré débi pé bí àgbọn kan bá já ní ìlà-oòrùn, ará ìwọ̀-oòrùn á béèrè ẹni tó máa mu omi rẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo la ní. Gbogbo ohun yòókù, láti orí pásítọ̀ dé orí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń gbé lọ síbi àsè, orí alùpùpù ni wọ́n ń jókòó sí. Iyọ̀ òkun sì ni ọ̀tá alùpùpù. Ó ń jẹ wáyà rẹ̀ bí ikán ti ń jẹ igi. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni ẹ ó rí ẹnìkan lábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù Moeroa, tó ń dúró kí Moeroa bá òun so wáyà tó já. Moeroa a ki orí wáyà méjèèjì bọ inú ìdè irin kékeré kan, a fi puláyà fún ìdè náà mọ́ wọn títí wọn ó fi di ọ̀kan, a wá fi rọ́bà wé e kí iyọ̀ má baà wọlé. Kò pẹ́ rárá. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyá ọkọ rẹ fún un, ìwọ kò ní í sọ ọ́ tán tí yóò fi ní kí o máa lọ.

Báyìí la ṣe ń gbé kí Papa Tutevera tó lọ sí Auckland, ìlú ńlá kan lókè òkun.

Ìpàdé ojú ọ̀nà ló bá lọ. Òjò ká a mọ́ ìta níbẹ̀, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kan, ó bá ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe. Ọkùnrin náà fi irin gbígbóná kan ara lẹ́ẹ̀dì, lẹ́ẹ̀dì yọ́, ó bo orí wáyà, ó sì tutù, ó ń dán bí ojú ẹja. Èéfín tín-ínrín kan gòkè. Papa Tutevera dúró níbẹ̀ títí òjò fi dá, títí ẹni tó ń tún rédíò ṣe fi bi í bóyá ó fẹ́ ra nǹkan. Bí ẹni tó rí ìran ló ṣe padà wálé.

Ó pè wá jọ sí gbọ̀ngàn ìjọ. Ó wọ kóòtù, nínú oòrùn wa.

“Ẹ̀yin èèyàn mi,” ó ní, “mo bi yín léèrè. Kí ni ènìyàn ń fún? Aṣọ tútù la ń fún. Àgbọn tí a rin la ń fún. Ọmú ewúrẹ́ la ń fún. Ṣé aṣọ tútù ni alùpùpù ìjọba? Ṣé ewúrẹ́ ni mí?”

Ìbéèrè náà wúwo.

“Ẹni bá fi puláyà fún wáyà, ó ti fún ọlá Enuaroa lọ́rùn. Láti òní lọ, fífi iná jó wáyà pọ̀ ni. Lẹ́ẹ̀dì ni. Ohun tó ń dán ló ń dì mú.”

Nooroa, tó jẹ́ igbákejì rẹ̀, ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Nooroa mọ ìgbà tí ó yẹ kí a pàtẹ́wọ́ ju bí adìyẹ ti mọ ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ lọ. “Ohun tó ń dán ló ń dì mú,” ó tún un sọ, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. “Papa, níbo lẹ ti máa ń rí irú ọ̀rọ̀ báyìí?”

“Inú mi ló wà,” ni Papa Tutevera wí. “Ibẹ̀ ló ti pọ̀ jù.”

Mama Ngariki, arúgbó tó ń fi òdòdó ṣe ẹ̀gbà ọrùn fún gbogbo àjọ̀dún wa, dìde. “Papa,” ó ní, “láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì rí ẹni tó wo wáyà bí ẹ ṣe wò ó. Ìlú kan wà ní Rarotonga, erékùṣù tí ìjọba wa wà, tó yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ká má fi òkùnkùn bo fìtílà.”

Gbogbo gbọ̀ngàn ní àmín. Ìwọ tó ń kà á lè rò pé òmùgọ̀ ni wá. Fara balẹ̀. Ìròyìn ti dé láti Rarotonga pé Mínísítà ń wá ẹni tí yóò jẹ́ Olùdarí lórí ọkọ̀ gbogbo erékùṣù, ọ́fíìsì Olùdarí yìí sì wà ní Rarotonga. Kì í ṣe Enuaroa. Rarotonga. Bàálù ló ń gbé ènìyàn débẹ̀, owó bàálù náà sì wọ́n débi pé ẹni tó bá lọ kì í sáré bọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìdílé kan tí kò gbàdúrà fún ìgbéga Papa Tutevera lówùúrọ̀ àti lálẹ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì nífẹ̀ẹ́ ìlọsíwájú ọmọnìkejì rẹ̀ bí a ti nífẹ̀ẹ́ tirẹ̀.

Ó kọ́ ilé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀, ó pè é ní Ilé Ìjó-Wáyà. Irin ìjó-wáyà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, lórí ìrọ̀rí pupa. Ní ọjọ́ ìṣílé, a kọ orin ìjọ, pásítọ̀ gbàdúrà sórí iná mànàmáná. Papa Tutevera sì fọwọ́ ara rẹ̀ gé gbogbo ibi tí Moeroa ti fún lára alùpùpù tirẹ̀ gan-an, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jó ìka ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ó gbé ìka náà sókè kí a rí i.

“Ọgbẹ́ ìlọsíwájú,” ni Nooroa wí, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Òfin náà ni pé kí kálukú gbé alùpùpù rẹ̀ wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí Papa Tutevera ṣí àga rẹ̀ wo bóyá wáyà inú rẹ̀ ń dán. Èyí tí kò bá dán, a ó gbẹ́sẹ̀ lé e.

Mama Ngariki gbé tirẹ̀ lọ sábẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù.

“Moeroa, ọmọ mi, ó yá, jó o fún mi.”

“Mama, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ní í pẹ́. Ibi tí lẹ́ẹ̀dì dé á le gan-an, ibi tí kò dé á rọ̀. Ọ̀nà wa ló kún fún kòtò, alùpùpù á sì máa gbọ̀n.”

“Ibi tí líle bá ti pàdé rírọ̀, ibẹ̀ ló ń ṣẹ́. Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí imọ̀ àgbọn ṣe ń kán? Mo mọ̀. Ọkùnrin yẹn ló fẹ́ kó dán.”

Moeroa họ imú. Ọlẹ ni Moeroa, kò sí nínú ìjọ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ọgbọ́n ọlẹ sì ló bí ohun tó tẹ̀ lé e. Ó fi puláyà fún wáyà Mama Ngariki gẹ́gẹ́ bí ti àtẹ̀yìnwá, ó wé e, ó tì í sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú àjákù wáyà pupa kan, ó yọ́ lẹ́ẹ̀dì lé e lórí títí ó fi ń kọ mànà, ó sì dè é sábẹ́ àga níbi tí ojú yóò ti kọ́kọ́ bà á. Orí rẹ̀ kan kò kan nǹkan kan. Orí kejì kò kan nǹkan kan.

“Kí leléyìí ń ṣe?” Mama Ngariki bi í.

“Ó ń dán.”

Kí oṣù tó parí, kò sí alùpùpù kan ní Enuaroa tí kò ní wáyà àfihàn tirẹ̀. Ti pásítọ̀ ní méjì. Nooroa, igbákejì, ọ̀kan tó gùn jù ló gbà. Papa Tutevera ń ṣí àga lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ síwájú, ó ń tẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹni tó ń wo àwòrán ìyá rẹ̀.

“Wò ó,” á ní. “Ṣé alùpùpù yìí ti já yín kulẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ṣòfin?”

“Rárá, Papa.”

“Kí ló fà á?”

“Ọgbọ́n yín ni, Papa.”

Nígbà tó yá, Mínísítà ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Akaiti ni orúkọ rẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní òun yóò jẹun ọ̀sán pẹ̀lú wa, òun yóò wo iṣẹ́ Papa Tutevera, bó bá sì tẹ́ òun lọ́rùn, níbi àtẹ̀gùn bàálù ni òun yóò ti kéde rẹ̀ ní Olùdarí, kí òun tó wọ bàálù padà. Bàálù náà sì gbọ́dọ̀ gbéra kí oòrùn tó wọ̀, torí pápá bàálù wa kò ní iná.

Ẹ wo bí a ṣe ṣiṣẹ́. A pa ẹlẹ́dẹ̀ tí a tọ́jú fún Kérésìmesì. A gbẹ́ ilẹ̀ fún ààrò, a sin iṣu kókò àti ewé rẹ̀ sínú òkúta gbígbóná. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń bá Papa Tutevera wá àpótí ẹrù tó lágbára.

Òun ní tirẹ̀, ìwọ́de ló gbájú mọ́. Ó pinnu pé Mínísítà yóò jókòó sẹ́yìn òun, gbogbo erékùṣù yóò sì tẹ̀ lé wọn lórí alùpùpù dé pápá bàálù. Ó tún dá ìkíni kan sílẹ̀: alùpùpù yóò máa foríbalẹ̀. Bí ó bá dé iwájú ilé kan, yóò yí ọwọ́ alùpùpù sápá òsì pátápátá, yóò yí i sápá ọ̀tún pátápátá, kí orí rẹ̀ lè kí àwọn ará ilé. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ló fi kọ́ ọ nínú àgbàlá rẹ̀, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Ní gbogbo ìgbà wọ̀nyí, wáyà tó gba ọrùn alùpùpù náà kọjá, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ jó, ń tẹ̀, ó ń nà, ó ń tẹ̀, ó ń nà.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ. Nílùú wa, ẹni tó bá fi ẹ̀gbà òdòdó iwájú sọ́rùn nínú ìwọ́de, ẹnikẹ́ni kì í kọjá rẹ̀. Bó bá rọra, a ó rọra. Bó bá dúró, a ó dúró. Nígbà kan tí wọ́n ń gbé òkú bàbá pásítọ̀ lọ, ẹni iwájú yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó nítorí inú rírun, òkú àti alààyè sì jọ dúró dè é. Mama Ngariki ló ń so ẹ̀gbà náà, òun ló ń fi í sí ọrùn, òun ló sì ń bọ́ ọ. Bí àwọn ìyá rẹ̀ ti ń ṣe é nìyẹn.

Ọjọ́ pé. Mínísítà dé, ó jẹ ẹja tútù inú omi àgbọn, ó jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Papa Tutevera. Ó gbọ́ ọ títí ẹlẹ́dẹ̀ fi dà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, oòrùn ti yí sí apá ibi tí kò yẹ kó tíì dé.

“Ẹ jẹ́ ká máa lọ,” ni Mínísítà wí.

Mama Ngariki fi ẹ̀gbà òdòdó iwájú sọ́rùn Papa Tutevera. Mínísítà gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwọ́de gbéra. Níwájú ilé àkọ́kọ́, alùpùpù foríbalẹ̀ sósì, ó foríbalẹ̀ sọ́tùn-ún. Bẹ́ẹ̀ náà níwájú ilé ìwé, bẹ́ẹ̀ náà níwájú àwọn ewúrẹ́ kan. Ọ̀nà wá gòkè láàárín òkúta òkun tó mú bí ọ̀bẹ, níbi tí kò sí òjìji kankan. Ilé kan ṣoṣo ló wà lókè yẹn, ti ẹ̀gbọ́n Nooroa. Papa Tutevera kò jẹ́ kí ilé náà kọjá láìkí i. Ó yí ọwọ́ sósì. Ó yí i sọ́tùn-ún.

Alùpùpù náà kú.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Nǹkan kan kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo Enuaroa dúró, ẹ̀rọ wọn ń kùn nínú oòrùn.

Moeroa sáré wá, ó fọwọ́ kan ọrùn alùpùpù. “Ibí ló ti já, Papa, lẹ́bàá ibi tẹ́ ẹ jó gan-an. Mo ní ìdè kan lápò.” Ó yọ ọ́ jáde pẹ̀lú puláyà rẹ̀. Ẹ rántí pé ọlẹ ni. N kò tíì rí i kó yára bẹ́ẹ̀ rí. “Ẹ jẹ́ n fún un. Ẹ ó débẹ̀.”

“Fún,” ni Papa Tutevera wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rí nǹkan nínú ọbẹ̀. “Níwájú Mínísítà.”

“Papa,” Nooroa sọ sí i létí, “ẹ ro ti Rarotonga.”

“Rarotonga gan-an ni mo ń rò. Lọ gbé irin wá.”

Wọ́n gbé irin wá tòun ti ìrọ̀rí rẹ̀. Wọ́n fa wáyà iná láti ilé ẹ̀gbọ́n Nooroa, kò dé. Wọ́n wá òmíràn mọ́ ọn, orí rẹ̀ kò bá orí ti àkọ́kọ́ mu. Moeroa wo Papa Tutevera. Papa Tutevera wo ojú ọ̀run. Moeroa gé orí méjèèjì kúrò, ó sì fi puláyà fún wọn pọ̀.

“Ṣé kì í ṣe pé ó fún ìyẹn ni?” Mínísítà béèrè.

“Wáyà ilé nìyẹn, Mínísítà. Òfin mi kò dé orí wáyà ilé.”

Iná dé. Àmọ́ atẹ́gùn òkè yẹn kì í sinmi. Bí irin bá fẹ́ gbóná, atẹ́gùn á fẹ́ ẹ tutù. Nooroa bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi dáàbò bò ó. Pásítọ̀ fi ìwé orin dáàbò bò ó. Lẹ́ẹ̀dì ń rọ̀, kò yọ́. Láti ìsàlẹ̀, a gbọ́ tí awakọ̀ bàálù tan ẹ̀rọ rẹ̀ láti pè wá.

“Papa Tutevera,” ni Mínísítà wí pẹ̀lẹ́, “jẹ́ kí ọkùnrin yìí fún un. Kò bà mí nínú jẹ́.”

Àwọn obìnrin di ọwọ́ ara wọn mú. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù lẹ́nu Papa Tutevera: máa fún un. Ọ́fíìsì ń bẹ nínú rẹ̀, ilé ìjọba ń bẹ nínú rẹ̀, àlàáfíà wa pàápàá ń bẹ nínú rẹ̀.

Papa Tutevera tún ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀ ṣe. “Mínísítà, bóyá ẹ rò pé jíjó ló kùnà. Ohun tó ń dán ló ń dì mú. Alùpùpù mélòó ló wà lẹ́yìn wa yìí? Gbogbo wọn la jó, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá fojú ara yín rí i.”

Ojú Nooroa ṣú. “Papa, oòrùn mú. Ẹ jẹ́ ká–”

Papa Tutevera ti dé ìdí alùpùpù Nooroa, ó ti ṣí àga. Wáyà gígùn náà ń kọ mànà. “Ẹ wò ó. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ wo bó ṣe dì.” Ó dì í mú, ó fà á.

Wáyà náà tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ jáde wọ́rọ́wọ́rọ́, gbogbo rẹ̀, orí àti ìdí.

Alùpùpù Nooroa ń kùn lọ bó ti ń kùn.

Papa Tutevera wo wáyà. Ó wo alùpùpù. Ó bọ́ sórí ti pásítọ̀, ó fa méjì jáde. Ẹ̀rọ ń kùn. Ó bọ́ sí ti Mama Ngariki, ó fà á. Ó ń kùn. Ó ń ti orí ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, ó ń ṣí, ó ń fà, ẹnikẹ́ni kò sì dí i lọ́wọ́, títí ó fi dúró láàárín ọ̀nà, tí wáyà kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń dán bí ẹja wẹ́wẹ́ tí a so mọ́ okùn. Kò sí alùpùpù kan tó kú, àyàfi tirẹ̀.

“Kí ni àwọn yìí ń ṣe gan-an?” Mínísítà bi wá.

Mama Ngariki ló dáhùn. “Wọ́n ń bọlá fún un, ọmọ mi.”

“Nínú gbogbo ìlú yìí, alùpùpù ta ni wọ́n wá jó?”

A wo ilẹ̀. Mínísítà wo èyí tó kú. Ó ti mọ̀.

Mama Ngariki sọ̀kalẹ̀, ó rìn lọ bá Papa Tutevera, ó gbọ́wọ́ sókè. Papa Tutevera tẹrí ba fún un fúnra rẹ̀, bóyá nítorí àṣà, bóyá nítorí pé ọrùn ti rẹ̀ ẹ́. Mama Ngariki bọ́ ẹ̀gbà òdòdó iwájú lọ́rùn rẹ̀, ó rọra ṣe é kó má baà kọ́ wáyà, ó sì fi í sọ́rùn Mínísítà. “Gun ẹ̀yìn mi,” ó ní. “N kò mọ̀ ọ́n foríbalẹ̀, àmọ́ mo mọ ọ̀nà.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọjá Papa Tutevera. Lọ́kọ̀ọ̀kan la kọjá, kò sì sí ẹni tí kò kí i. “Ẹ kú ìdúró, Papa.” “Ẹ kú oòrùn, Papa.” Nooroa ló kẹ́yìn. Ó fẹ́ pàtẹ́wọ́, kò mọ ohun tí yóò pàtẹ́wọ́ fún, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ìdí àtẹ̀gùn bàálù, Mínísítà dúpẹ́ lọ́wọ́ wa fún ẹlẹ́dẹ̀. Kò kéde ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọkùnrin kan láti erékùṣù mìíràn joyè náà, ẹni tí kò tilẹ̀ mọ alùpùpù gùn. Àwa padà sílé, a jẹ ìyókù ẹran. Àdúrà tí a ti gbà láti ọjọ́ yìí, Papa Tutevera nìkan ló já a, àmọ́ wáyà ni a dá lẹ́bi.

Òfin kú, kò sẹ́ni tó sìnkú rẹ̀. Àwọn tó ń fi èèpo àgbọn ṣe gìtá kékeré ló gba irin ìjó-wáyà, wọ́n fi ń jó àwòrán òdòdó sára gìtá náà. Papa Tutevera ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìjọ. Ó ní dókítà ló ní kí òun máa rìn.

Ní ọ̀sán kan tí gbogbo èèyàn sùn, ó ti alùpùpù rẹ̀ dé abẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù.

“Bá mi wò ó,” ó ní.

“Ṣé kí n jó o ni, Papa, àbí kí n…?”

Papa Tutevera wo òkun. “Ṣe é bó o ṣe ń ṣe é fún àwọn èèyàn.”

Moeroa fi puláyà fún un, ó wé e, ó tì í sísàlẹ̀. Ó ṣe é bó ṣe ń ṣe é fún àwọn èèyàn gẹ́lẹ́: ó mú àjákù wáyà pupa kan tó ń dán, ó sì dè é sábẹ́ àga.

“Èyí ńkọ́?”

“Ti àfihàn ni, Papa. Bóyá ẹnìkan á wá yẹ̀ ẹ́ wò.”

Ó wà níbẹ̀ di òní. Bí àlejò bá dé sí Enuaroa, Papa Tutevera á ṣí àga rẹ̀ hàn án, á fi ìka tó ní ojú ọgbẹ́ tọ́ka sí i, á sì sọ pé ohun tó ń dán ló ń dì mú.

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ fà á.